Mobile ní Alabama: Ìlú Tó Wà Nínú Ìlú

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn wa. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa Mobile, ìlú èbúté tó wà ní Alabama, màá sì sọ ọ́, àmọ́ ẹni tó bá ti gbọ́rọ̀ lẹ́nu mi rí ti mọ ibi tí mò ń lọ.

Àwọn Faransé ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1702, omi odò wá ń yalé wọn, ni wọ́n bá kó ẹrù lọ síbi tí ìlú wà dòní lọ́dún 1711. New Orleans ò tíì sí láyé nígbà yẹn o, 1718 ni wọ́n tó dá ìyẹn sílẹ̀, torí náà àwọn tó ń pe Mobile ní àbúrò New Orleans, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n ni. Ọdún Mardi Gras gan-an, àríyá ìgboro tí wọ́n ń ṣe kí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀, àtọdún 1703 ni Mobile ti ń ka tiẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì gbà á, Sípéènì gbà á, 1813 ló bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Òwú ló wá sọ ọ́ di olówó, torí odò ńláńlá tó ṣàn gba àárín Alabama wá, ẹnu Mobile ni wọ́n ń já sí, òwú ń wá, ọkọ̀ ojú omi ń kó o lọ Yúróòpù, ẹrú ló sì ń gbìn ín.

Òfin ti ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà léèwọ̀ láti 1808. Síbẹ̀ lọ́dún 1860, olówó kan tó ń jẹ́ Timothy Meaher rán Captain William Foster lọ sí Ouidah, èbúté kan ní ilẹ̀ Benin òde òní, ó ra èèyàn bí 110 lọ́wọ́ àwọn Dàhòmì, ìjọba tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà yẹn, ó kó wọn wọ ọkọ̀ Clotilda, wọ́n fi òru mú wọn wọ Mobile, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ọwọ́ má bàa tẹ̀ wọ́n. 2019 ni wọ́n tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ odò Mobile.

Ohun tí mi ò ní yé sọ nìyí: ẹ má pe ìtàn yìí ní ìtàn ẹrú nìkan, ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú ni! Nígbà tí àwọn tí Clotilda kó wá dòmìnira ní 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí, wọ́n ń tọ́jú owó, owó ò tó. Kossola, ọ̀kan lára wọn, ọmọ agbègbè Bantè ní Benin òde òní, lọ bá Meaher pé kó fún wọn nílẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n bá ń ra ilẹ̀. Ní 1872 Kossola san $100 fún acre méjì. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n yan adájọ́, wọ́n sì fi Gumpa jẹ olórí. Inú ọkọ̀ kan náà ni Gumpa bá wọn wá, àmọ́ ọmọ Dàhòmì ni o, ọmọ àwọn tó tà wọ́n! Wọ́n ní òun kọ́ ló ṣe wọ́n níbi. Ìlú yẹn ni Africatown, ìlú tó wà nínú Mobile.

Ìyá kan dìde níbi tí mo dé yìí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí ló fi hàn pé tiwa Yorùbá ni wọ́n?” Mo pa ìwé tí mò ń kà dé. Mo ní, Mà, ẹ gbọ́ orúkọ tí Kossola sọ àkọ́bí rẹ̀: Aleck lòyìnbó mọ̀ ọ́n sí, nílé Iyadjemi ni. Ìyà jẹ mí! Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Ọmọ mẹ́fà ló bí, kò sí èyí tó ṣẹ́kù nígbà tó kú ní 1935.

Alága ti ń na ọwọ́ sí aago, mo sáré sọ ti èbúté: ilé iṣẹ́ Austal ń kan ọkọ̀ ogun ojú omi níbẹ̀, Airbus ń to ọkọ̀ òfurufú láti 2015, àwọn èèyàn ìlú lé díẹ̀ ní 187,000 nínú ìkànìyàn 2020. Ilé iṣẹ́ bébà tí wọ́n gbé ka Africatown mọ́lẹ̀ ti kógbá wọlé ní 2000, èérí rẹ̀ ni ará àdúgbò ṣì ń jà lé lórí.

Ìyá yẹn tún ní, “Àwọn obìnrin ńkọ́?” Mo ní, Mà, ọmọ kékeré kan wà nínú ọkọ̀ yẹn, kò ju bí ọmọ ọdún méjì lọ. Àbákẹ́ lorúkọ rẹ̀, Matilda McCrear ni wọ́n wá ń pè é. Selma ló gbé, ibẹ̀ ló kú sí ní 1940, irun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ láti máa dì, irun ilé wa, ló ń dì títí di arúgbó.