Àtọ̀ Wà, Ọmọ Ò Sí Nínú Rẹ̀

Kí irùngbọ̀n kún àgbọ̀n, kí ohùn ki, kí nǹkan ọkùnrin máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kò fi hàn pé sípáàmù, sẹ́ẹ̀lì ọkùnrin tó ń pàdé ẹyin obìnrin kó tó di ọmọ, wà nínú àtọ̀ o. Bí ọmọ ò bá dé, obìnrin sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lé kiri ilé ìwòsàn!

Ẹ wo krómósómù kékeré yìí, okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá ìran. Y ni. Ọwọ́ bàbá nìkan lọmọkùnrin ti ń gbà á. Lọ́dún 1976, Tiepolo àti Zuffardi, onímọ̀ méjì ará Ítálì, rí ọkùnrin mẹ́fà tí Y wọn gé nísàlẹ̀. Kò sí sípáàmù kankan nínú àtọ̀ wọn. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní AZF, ìyẹn ibi tí àìsí rẹ̀ ń fa àìní sípáàmù nínú àtọ̀. Nígbà tó di 1996, àwọn onímọ̀ mìíràn pín in sí mẹ́ta: a, b, c.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí AZFa bá lọ tán, kórópọ̀n kì í ní sẹ́ẹ̀lì tí ì bá di sípáàmù. Bí b bá lọ tán, iṣẹ́ ṣíṣe sípáàmù á bẹ̀rẹ̀, á dúró lágbedeméjì. Ẹni tó bá la irú kórópọ̀n bẹ́ẹ̀ láti wá sípáàmù, òfo ló máa bá. Ti c yàtọ̀, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Àwọn kan ṣì ń ní díẹ̀ nínú àtọ̀. Lára àwọn tí kò ní rárá, dókítà ń rí i nínú kórópọ̀n nǹkan bí ìdajì wọn. Wọn á wá gún ẹyọ kan sínú ẹyin obìnrin.

Kí ló gé e? Ìlà jíìnì (àbùdá ìran) tó jọra pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹni ń da ìwé kọ tí ojú rẹ̀ fò láti orí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sórí irú rẹ̀ nísàlẹ̀, ohun tó wà láàárín á sọnù. Inú bàbá tí Y tirẹ̀ pé pérépéré ló ti sábà ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àtọ̀sí. Àgbo kò lè dá a padà, abẹ́rẹ́ náà kò lè ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan ara.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wá ńkọ́? Ọmọbìnrin kò gba Y, nítorí náà kò kàn án. Ọmọkùnrin á jogún àlàfo náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tọkọtaya kan, níbi tí òfin bá gbà á, fi ń ní kí dókítà gbé ọlẹ̀ obìnrin nìkan sínú ilé ọmọ.