Má Sọ Pé Kó Padà Wá: Wíwá Àwọn Alárùn Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C Tí Ilé Ìwòsàn Kò Rí

Oògùn kọ́ ni ìṣòro mọ́. Oògùn oníhóró tó ń lé kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C, hepatitis C tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀, ń wo ohun tó lé ní 95 sàn nínú 100 èèyàn tó bá lò ó pé, láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Àwọn tó ṣẹ́kù tí a kò tíì tọ́jú ní England kì í ṣe irú àwọn tó máa ń fèsì lẹ́tà ilé ìwòsàn. Asùn-ìta wà níbẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gún oògùn olóró sára, àti àwọn tó gún un ní ogún ọdún sẹ́yìn tí wọ́n ti gbàgbé. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni pé gbogbo "padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun" tí a bá sọ fún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Nínú ètò àtijọ́, ọjọ́ kan wà fún àyẹ̀wò, òmíràn fún èsì, òmíràn fún fífa ẹ̀jẹ̀ sí i, òmíràn fún ẹ̀dọ̀, kó tó wá kan oògùn. Ta ni nínú àwa tí a nílé lórí tí yóò ṣe gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀kan?

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kàn ń wá ohun tí ara fi bá àrùn náà jà ni. Ohun yẹn kì í kúrò lára, ìbáà jẹ́ pé ara fúnra rẹ̀ ló lé kòkòrò lọ, bó ṣe ń rí fún nǹkan bí ẹnì 1 nínú 4, tàbí pé oògùn ló lé e. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ní in rí, kòkòrò gan-an ni kí ẹ wá lára rẹ̀.

Inú bọ́ọ̀sì tí a fi ń lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ̀rọ GeneXpert, tó ń wá kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀, ń fúnni lésì láàárín nǹkan bí wákàtí kan, pẹ̀lú 0.1 mílílítà ẹ̀jẹ̀ láti ìka. Ó kéré, síbẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ọwọ́ ẹni tó sun ìta mọ́jú máa ń tutù nini, ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ jáde. Ẹ jẹ́ kó ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó so apá rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá gún ẹ̀gbẹ́ ìka àárín. Ẹ nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù. Ẹ má tẹ ìka náà jù, kí omi ara má baà dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń gbà á, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá dì, ẹ̀rọ lè má fún yín lésì kankan, wákàtí kan ti lọ nìyẹn, ẹni náà kò sì ní dúró de ìkejì.

Bí ẹ ṣe ń retí èsì, ẹ fi ẹ̀rọ FibroScan wo bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe le tó, torí ẹ̀dọ̀ tí àrùn ti bà jẹ́ máa ń le. Kí ẹ tó fún un ní tíì àti búrẹ́dì ni o! Oúnjẹ máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ dà bí èyí tó le ju bó ṣe rí lọ. Tó bá ti jẹun tẹ́lẹ̀, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ní kó lọ kó padà wá lébi.

Ẹni tó ti ní àrùn náà rí tó sì ti rí ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, irú àwọn tí ẹgbẹ́ aláàánú The Hepatitis C Trust ń lò. Ọ̀pọ̀ ṣì ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ interferon àtijọ́ tí wọ́n fi ń wo àrùn yìí tẹ́lẹ̀, tó ń dá èèyàn gúnlẹ̀ fún oṣù gbọọrọ. Wọ́n á gbà lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kò sí mọ́.

Ní ti oògùn, ẹ wo bí ẹni náà ṣe ń gbé kí ẹ tó yàn. Glecaprevir pẹ̀lú pibrentasvir sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ 8, hóró 3 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ẹni tí kò mọ ibi tí oúnjẹ òní yóò ti wá, sofosbuvir pẹ̀lú velpatasvir ló bá a mu: hóró 1 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, hóró 84 lápapọ̀, ì báà jẹun ì báà má jẹun. Ẹ bi í bóyá ó ń lo omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, torí kì í jẹ́ kí ara gba velpatasvir dáadáa. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B náà, nítorí bí C bá ń lọ, B tó ti sùn lè jí.

Ẹ má kó gbogbo 84 lé e lọ́wọ́ tí kò bá ríbi tọ́jú rẹ̀ sí. Wọ́n ń jí báàgì gbé lóru. Ní Scotland, wọ́n dán an wò pé kí ilé oògùn tó ń fúnni ní methadone, oògùn tí wọ́n fi ń rọ́pò heroin, máa ṣe àyẹ̀wò C, kó sì máa fúnni ní oògùn rẹ̀. Iye àwọn tó rí ìwòsàn lé ní ìlọ́po méjì ti ọ̀nà àtẹ̀yìnwá.

Láti oṣù Kẹrin 2022, yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn púpọ̀ ní London ń yẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà wò fún HIV, B àti C, àfi bí aláìsàn bá kọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n èsì sábà máa ń dé lẹ́yìn tí ẹni náà ti lọ. Kó tó dìde, ẹ gba orúkọ ibi tó ń sùn, ilé oògùn tó ń lọ, àti ẹnì kan tó mọ ibi tí a ti lè rí i.

Íjíbítì yẹ nǹkan bíi 50 mílíọ̀nù èèyàn wò láàárín oṣù Kẹwàá 2018 sí oṣù Kẹrin 2019, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí abẹ́rẹ́ àtọ̀sí ajá tí ìjọba gún fún ará oko láti àwọn ọdún 1950 ló tàn án ká gbogbo ìlú. Ti England kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tí a dárúkọ níbẹ̀rẹ̀ ni kí a lọ.

Ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn hóró ìkẹyìn, ẹ tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹni tó ti sàn lè tún un kó. Ẹ tún un tọ́jú láìbú u, kí ẹ sì wo iye abẹ́rẹ́ tó ń rí gbà: abẹ́rẹ́ àti sìríńjì tuntun 300 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń gún oògùn olóró lọ́dún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe àfojúsùn. Ẹ fi ìkòkò kékeré tí wọ́n ń po oògùn sí, òwú àti omi kún un, torí àrùn C lè gba ibẹ̀ kọjá bí oníkálukú bá tilẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀.