Ilé Òṣùpá Tí Wọ́n Kọ́ Sórí Ilẹ̀ Ayé

Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì tó wà níwájú mi yìí. Lítà 25 ni. Nílé tí mò ń gbé ní Tanke, níbí ní Ìlọrin, bí omi ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, kẹ́ẹ̀gì la fi ń ka ọjọ́: eléyìí ti ìwẹ̀, eléyìí ti ọbẹ̀, eléyìí ti àlùwàlá. Omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́, a kì í dà á nù; ìdí ata ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn kan ń ti ara wọn mọ́lé, kí wọ́n lè mọ bí èèyàn yóò ṣe gbé lórí òṣùpá, ohun tí mo kọ́kọ́ bi ara mi ni pé: omi wọn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Beijing, ní Ṣáínà. Yunifásítì Beihang kọ́ ilé kan síbẹ̀ tó ń jẹ́ Yuegong-1. Ààfin òṣùpá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2017, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin wọlé, ilẹ̀kùn sì tì. Nígbà tó pé ọjọ́ 60, mẹ́rin mìíràn wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn yẹn lo 200 ọjọ́ gbáko kí àwọn àkọ́kọ́ tó padà wá fi ọjọ́ 110 parí rẹ̀. Ọjọ́ 370 ni gbogbo rẹ̀.

Atẹ́gùn tí wọ́n ń mí, ewéko ló ń ṣe é. Wọ́n gbin àlìkámà, wọ́n gbin kárọ́ọ̀tì, wọ́n gbin ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi sábẹ́ iná. Ewéko máa ń làágùn bí èèyàn, òógùn yẹn a sì dà bí ìrì nínú ilé. Òun ni wọ́n ń gbè, tí wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń mu. Ìtọ̀ pàápàá kò gbé: wọ́n á yọ omi inú rẹ̀, omi á sì padà sí ìdí irè. Ìgbẹ́ àti pòròpórò àlìkámà, wọ́n á jẹ́ kó jẹrà, kó di ajílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ búrẹ́dì, òun ni yóò kórè, òun ni yóò pa ọkà, òun ni yóò lọ̀ ọ́.

Ẹran ńkọ́? Kòkòrò ni. Wọ́n ń fi ewé àti pòròpórò tí ẹnu èèyàn kò lè jẹ bọ́ ìdin kan, wọ́n sì ń jẹ ìdin náà. Ẹ má ṣe yínmú o. Ṣebí a ń rí kòkòrò tó ń jẹ ewé igi òrí lọ́jà wa, tí wọ́n ti bọ̀, tí wọ́n ti sá gbẹ, tí àwọn ìyá wa ń fi se ọbẹ̀.

Iná lọ nínú ilé yẹn láwọn ìgbà kan. Bí iná bá lọ níbí, fáànù ló máa dúró, a ó kàn gbé ẹní síta ni. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ewéko kò bá rí ìmọ́lẹ̀, kò ní ṣe atẹ́gùn mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í bá èèyàn pín ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òru òṣùpá tó ọ̀sẹ̀ méjì tiwa. Mo gbà pé ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù nìyẹn, ó le ju rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ.

Ọ̀rọ̀ eruku náà wà ńbẹ̀. Ẹ mọ ọyẹ́ Ìlọrin: ẹ nu tábìlì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ẹ ti lè fi ìka kọ orúkọ yín sí i. Ti òṣùpá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iyanrìn odò Asà dán nítorí omi ti ń yí i lu ara wọn tipẹ́. Òṣùpá kò ní omi tó ń ṣàn, kò ní afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹnu eruku rẹ̀ ṣì mú bí àfọ́kù ìgò. Ní oṣù kejìlá ọdún 1972, ó wọ Harrison Schmitt, ará Amẹ́ríkà tó rìn lórí òṣùpá, nímú nínú ọkọ̀ Apollo 17, ló bá ń sín. Ní Köln, ní Jámánì, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn LUNA ní 2024, wọ́n da òkúta lílọ̀ sí i bí eruku òṣùpá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n á ṣe fi aṣọ òfurufú rìn nínú rẹ̀.

Ní Hawaii, lórí òkè Mauna Loa, ilé mìíràn wà, HI-SEAS. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ìgbé ayé orí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ni àwọn mẹ́rin ń dán wò níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré, iná gbé ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì fòpin sí ètò náà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ara ẹnì kan kò bá dá ní Òmù-Àrán, mọ́tò á gbé e dé Ìlọrin kílẹ̀ tó ṣú. Láti òṣùpá sílé, ìrìn bí ọjọ́ mẹ́ta ni.