Bí ẹ ṣe lè ṣẹ̀dá Lisp tó ń gba àmì tuntun

Ẹ kú ìjókòó o. Bóyá yàrá kan ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ti ń wò wá, bóyá ibòmíràn ni, Python tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín ti tó iṣẹ́ òní. Èdè kékeré kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà la fẹ́ ṣe, ọmọ ìyá Lisp, tí ẹni tó ń lò ó á lè fi àmì tirẹ̀ kún un láì tú inú rẹ̀ palẹ̀.

John McCarthy ló bẹ̀rẹ̀ Lisp ní MIT lọ́dún 1958. Lísìtì, ìyẹn àwọn ohun tí a tò sínú àkámọ́, ni ètò fúnra rẹ̀ nínú èdè yìí: `(+ 2 3)` jẹ́ lísìtì ohun mẹ́ta. Ètò tó lè tú lísìtì lè tún òmíràn tò, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́fà ti tó: `jẹ́` fún orúkọ, `bí` fún àyẹ̀wò, `iṣẹ́` fún fọ́ńṣọ̀n, `tẹ̀lé` fún ṣíṣe nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, `bẹ́ẹ̀` fún ohun tí a kò fẹ́ kí eval (apá tó ń ṣírò lísìtì) fọwọ́ kàn, `àrà` fún macro, ìyẹn ohun tó ń tún lísìtì tò kí eval tó ṣírò rẹ̀. Ẹ má wá ìkeje. Macro ni kó ṣe ìyókù.

Ó kan òǹkàwé, ìyẹn apá tó ń sọ ọ̀rọ̀ di lísìtì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi àyè sí ẹ̀gbẹ́ àkámọ́, wọ́n á wá pe `split()` kó gé ọ̀rọ̀ níbi tí àyè bá wà. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí àmì tuntun tó lè wọlé síbẹ̀ mọ́, àkámọ́ tó bá sì wà nínú gbólóhùn á dà á rú. Ẹ kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ní dict kan, ìyẹn àtẹ Python, tí lẹ́tà inú rẹ̀ ń tọ́ka sí fọ́ńṣọ̀n. Òǹkàwé bá `'` pàdé, ó ka ohun tó tẹ̀lé e, ó dá `(bẹ́ẹ̀ ohun-náà)` padà.

Ẹni tó ń ṣírò owó gàrí lọ́jà Jagun á fẹ́ kọ `₦1,500`. Ẹ fi `₦` sínú dict náà. Ẹ ṣọ́ra níbí: nínú Lisp, kọ́mà níṣẹ́ tirẹ̀ nínú macro, nítorí náà òǹkàwé á dúró sórí 1. Fọ́ńṣọ̀n `₦` ni kó gbé nọ́ńbà àti kọ́mà mì pọ̀, kó yọ kọ́mà, kó dá 1500 padà.

Kí lẹ́tà kankan tó wọlé, ẹ fi `unicodedata.normalize("NFC", s)` tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, kí lẹ́tà kan náà má bàa ní ọ̀nà ìkọ méjì. Fóònù kan á kọ lẹ́tà `ọ` ní U+1ECD, nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode; òmíràn á kọ `o`, á wá fi U+0323, àmì ìsàlẹ̀, sábẹ́ rẹ̀. Ojú kò rí ìyàtọ̀. Orúkọ méjì ni Python rí, á sì ní `ọjà` tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ kò sí.

Ó wá di macro. Ká ní `àfibí` ń ṣe nǹkan bí àyẹ̀wò bá já sí irọ́: `(àfibí (= iye 0) (/ owó iye))`. Bó bá jẹ́ fọ́ńṣọ̀n ni, eval á ti pín owó sí òdo kó tó dé inú rẹ̀, ètò á kú. Macro ń gba lísìtì náà ní tútù, ó ń tò ó sí `(bí (= iye 0) òfo (/ owó iye))`, ẹ̀yìn ìyẹn ni eval tó dé.

Àléébù macro fara pamọ́. `(pàrọ̀ a b)`, macro tó ń fi iye a àti b pààrọ̀ ara wọn, ń lo orúkọ `t` láti gbé a pamọ́. Ẹnì kan wá kọ `(pàrọ̀ t owó)`: t wọ inú ara rẹ̀, owó bò ó, iye t àkọ́kọ́ sọnù, kò sì sí àṣìṣe kankan lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń lo Common Lisp ń fi `gensym`, tó ń ṣẹ̀dá orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò, yẹra fún un. Nínú Python, ẹ ṣe orúkọ ní object tuntun, kí ẹ sì máa fi `is` (ṣé ohun kan náà gan-an ni?) wò ó dípò `==` (ṣé wọ́n dọ́gba?); òǹkàwé kò lè ka irú rẹ̀ jáde láéláé.

Ẹ jẹ́ kí lísìtì kọ̀ọ̀kan gbé nọ́ńbà ìlà tó ti wá dání, kí macro sì dà á kọ sórí ohun tó bá tò. Láìṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe á máa tọ́ka sí ìlà tí onílò kò kọ.