Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Irin Abẹ́ Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Ń Lo Iná Èbúté

Ẹ káàbọ̀. Ẹ wo zinc tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ègé irin tí a ń dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kí omi lè máa jẹ ẹ́ dípò àwọn irin yòókù, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò lára ọ̀pá pùròpẹ́là ọkọ̀ mi. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ lò ju ọdún kan lọ. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́ta péré tí ọkọ̀ fi wà ní ìso, tí iná èbúté, ìyẹn iná mànàmáná tí wáyà ń gbé wá láti orí ilẹ̀, ń wọ inú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, eléyìí ti di jágajàga. Bí mo bá fi èékánná ha á, ń ṣe ló ń bu lulẹ̀ bí ẹfun.

Bí irin oríṣi méjì bá jọ wà nínú omi iyọ̀, tí wáyà sì so wọ́n pọ̀, bátìrì ni wọ́n dà: ọ̀kan yóò máa jẹ dànù, èkejì yóò sì wà bó ṣe wà. Ìdí nìyí tí a fi ń fi zinc rúbọ kí idẹ lè là. Nígbà tí ẹ bá ki pílọ́ọ̀gì iná èbúté bọ ọkọ̀, wáyà earth yín ti dara pọ̀ mọ́ ti gbogbo ọkọ̀ tó ń lo iná níbẹ̀, zinc yín sì lè di onígbọ̀wọ́ fún ọkọ̀ tí kò ní tirẹ̀ mọ́. Bí ó bá tán, ó kan pùròpẹ́là yín. Ẹ ha á díẹ̀: bí ó bá pọ́n bíi bàbà dípò kí ó máa dán bíi wúrà, zinc tó wà nínú idẹ náà ló ti ń jáde lọ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gé wáyà earth dànù bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe. Bí iná bá jò nínú ọkọ̀ tí kò ní earth, ó lè gba inú omi pa ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ nítòsí.

A ó kọ́kọ́ wọn ọkọ̀ wò. Ẹ yí mítà sí DC, ẹ so wáyà dúdú rẹ̀ mọ́ ọ̀pá ìwọ̀n silver chloride tí ẹ ti rì sínú omi, kí ẹ sì fi wáyà pupa kan irin tí wọ́n so earth mọ́. Nígbà tí iná èbúté kò sí lára rẹ̀, ọkọ̀ fiberglass tí irin abẹ́ rẹ̀ jẹ́ idẹ yẹ kí ó wà láàárín -550 sí -1100 mV (ẹgbẹ̀rún mV ló wà nínú V kan). Tèmi jẹ́ -940. Mo ki pílọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, ó sì sún wá sí -710. Bí ó bá ṣe ń sún mọ́ òdo ni ààbò ń dín kù, èyí tó fi hàn pé ààbò ọkọ̀ mi ń gba ojú wáyà earth jáde.

Oníbodè tí a ó fi síbẹ̀ ni galvanic isolator. Àwọn diode inú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ń dá iná DC tí kò tó nǹkan bíi 1.2 V padà, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ àárín zinc àti idẹ kì í sábà pé 1 V. Ṣùgbọ́n bí iná AC bá jò, yóò jẹ́ kí ó kọjá sí earth. Bí iná tó ń wọ ọkọ̀ bá jẹ́ 30 A, isolator kò gbọdọ̀ kéré sí 30 A, kí ó sì jẹ́ irú èyí tí kì í já kódà bí ó bá jóná.

Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ pa inverter àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ wá wáyà earth, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná ń gbà wọlé gan-an, kí ẹ gé e níbẹ̀, kí ẹ sì de orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ isolator. Kò gbọdọ̀ sí earth mìíràn tó ya ṣáájú rẹ̀. Wáyà tẹlifíṣọ̀n tó ti èbúté wá pàápàá lè di ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ibẹ̀ ni mo ti pàdánù ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún ọkọ̀ wọ̀n. Tèmi ti padà sí -930. Lọ́dọọdún, ẹ yọ iná, kí ẹ fi mítà wọn diode rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí ó bá fi nǹkan bíi 0.9 V hàn, ó ṣì dára. Bí ó bá jẹ́ òdo, kò dá nǹkan kan dúró mọ́. Bí kò bá sì kọjá rárá, ẹ má ki pílọ́ọ̀gì bọ ọkọ̀ títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.