Òkè Odò àti Ìsàlẹ̀ Rẹ̀: Ohun Tí Mítà Lè Sọ fún Wa Nípa Omi Ògùnpa

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá, mo kí yín. Ìbàdàn la wà, n kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé odò Ògùnpa fún ẹni tó ti gbọ́ ìtàn omíyalé ọdún 1980 lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀. Ohun tó wà nínú omi náà nígbà tí kò kún rárá, láti agbègbè Aṣí àti Bódìjà títí dé Mọ́lété, ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò, pẹ̀lú irinṣẹ́ kékeré kan tí ọ̀pọ̀ ń ṣì lò.

Mítà yìí ń wọn bó ṣe rọrùn tó fún iná mànàmáná láti gba inú omi kọjá. Omi fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná. Iyọ̀ àti àwọn èròjà bíi tirẹ̀ tó ti yòrò sínú rẹ̀ ló ń gbé e. Omi tí wọ́n sẹ́ títí tí kò fi ku nǹkan kan nínú rẹ̀ kì í ju 0.055 lọ lórí òṣùwọ̀n µS/cm (èyí tí wọ́n fi ń ka bí omi ṣe ń gbé iná tó), nígbà tí omi òkun ń tó nǹkan bí 50,000. Ẹ wo ìgò méjì tó wà lórí tábìlì yìí, lítà omi òjò kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bu gíráàmù iyọ̀ kan sínú àkọ́kọ́, mítà sì fò dé nǹkan bí 2,000. Mo da ṣíbí ṣúgà mẹ́ta sínú èkejì, mo rò ó dáadáa, àmọ́ nọ́ńbà náà kò mira. Ahọ́n mọ̀ pé omi yìí ti yí padà, mítà kò mọ̀. (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan níwájú béèrè bóyá òun lè mu ún tí a bá parí. Mo ní kó mu ún, kì í ṣáà ṣe omi Ògùnpa.)

Ibi tí mo ń lọ nìyí, ẹni tó bá sì ti gbọ́ mi rí mọ̀ pé n kì í kúrò níbẹ̀. Ìlànà orílẹ̀-èdè wa fún omi mímu fi 1,000 ṣe òpin fún òṣùwọ̀n yìí, àwọn ọ̀gá kan sì ti sọ òpin náà di àwíjàre. Ká ní mítà ka 150 lókè odò ẹran, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, tó wá ka 900 nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi dára, nítorí pé 900 kò tó 1,000, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ màlúù, ìtọ̀ àti omi ìfọ̀fun ti sọ nọ́ńbà náà di ìlọ́po mẹ́fà láàárín afárá méjì! Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rí, kì í ṣe òpin tí ìwé fi lélẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń dúró dìgbà tí òjò ńlá bá rọ̀ tán kí wọ́n tó lọ wọn omi, nígbà tí omi òjò ti bomi là á tí nọ́ńbà sì ti lọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀tí tí odò ń gbé lọ lọ́jọ́ náà lè ju ti ọjọ́ ọ̀dá lọ. Ẹ máa wọn ọ́n lókè àti nísàlẹ̀, lójú kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì lọ lóru pẹ̀lú, nítorí ẹni tó ń da omi ẹlẹ́gbin sódò kì í sábà dúró de ojúmọ́.

Àkókò ti lọ, mo sì ní láti sáré. Bí omi bá gbóná sí i ní dígíríì kan, nọ́ńbà ń gòkè ní nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹ rí i pé mítà yín ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ sí dígíríì 25. Ọ̀rọ̀ kànga ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá di ọjọ́ mìíràn.

Nígbà náà ni ìyá kan dìde lẹ́yìn, ó ní: “Olùkọ́, ẹ ṣeun. Òṣogbo ni mo ti wá. Ọmọ mi fi irú mítà yìí wọn omi Ọ̀ṣun, nọ́ńbà rẹ̀ kéré, síbẹ̀ omi náà pọ́n bí amọ̀. Ṣé ó mọ́ ni?”

Kò mọ́, Mà. Ní ọdún 2022, ìjọba kìlọ̀ fún àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà. Erùpẹ̀ tí àwọn awagóòlù ń fọ̀ sódò kò yòrò, ńṣe ló ń léfòó, iná kì í sì í tipasẹ̀ rẹ̀ kọjá. Tí mákúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé tí àwọn awagóòlù fi ń kó góòlù jọ, bá sì wà nínú rẹ̀, òpin tí ìlànà wa gbà láyè nínú omi mímu ni 0.001 mílígíráàmù nínú lítà kan. Ìwọ̀n yẹn kéré ju ohun tí mítà yìí lè rí lọ, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe rí ṣúgà orí tábìlì wa. Yàrá àyẹ̀wò ló lè rí i. Ẹ má sì gbé omi nìkan lọ síbẹ̀: mákúrì máa ń rì sínú ẹrẹ̀, ó sì máa ń ti ibẹ̀ wọ ara ẹja, nítorí náà, ẹ bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, kí ẹ sì mú ẹja tó ń jẹ ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ dání.

Ìyá náà tún béèrè ẹni tí yóò sanwó àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, nítorí ó wọ́n gan-an. Mo ní ẹni tó ń wa góòlù ni. Níbi tí onítọ̀hún kò bá ti ní ìwé àṣẹ, kí ìjọba tó ń wò ó níran san án.