Ṣé Òfin Gáàsì Ti Dé Ọ̀dọ̀ Ẹni Tó Ń Ṣí Fáàfù?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń lo gáàsì nílé-iṣẹ́ sọ nìyí. Mo tún un tẹ̀ kí àwọn tí ò sí níbẹ̀ lè kà á, mi ò yọ àríyànjiyàn kúrò níbẹ̀, mi ò sì yọ ìbéèrè tó yí gbogbo ẹ̀ padà kúrò.

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ohun tí mo bá wá ò pọ̀. Òfin tí ò bá tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí fáàfù, ìyẹn ẹnu tí gáàsì ń gbà jáde, òfin yẹn ò tíì dé ilé-iṣẹ́ yín, bó ti wù kí fáìlì tó wà lọ́fíìsì mánéjà nípọn tó. Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí á fi sú yín lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí náítrójìn, torí òun làwọn èèyàn fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù. Atẹ́gùn tí gbogbo wa ń mí sínú nínú yàrá yìí, nǹkan bíi 78 nínú 100 ẹ̀, náítrójìn ni. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í gbiná, kì í ṣe májèlé, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ẹ̀ wà. Tó bá tú jáde nínú yàrá tó há, ńṣe ló máa gba àyè ọ́kísíjìn díẹ̀díẹ̀, ara yín ò sì ní figbe ta, torí ohun tó ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé èémí ti ń há òun ni kábọ́nù-dáíọ́ksáìdì tó ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ń mí náítrójìn sì ń mí kábọ́nù-dáíọ́ksáìdì tiẹ̀ jáde bó ṣe yẹ, nítorí náà kò ní mọ nǹkan kan, á kàn ṣubú ni. Tí ọ́kísíjìn bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, èémí kan tàbí méjì ti tó. Ọ́kísíjìn inú atẹ́gùn jẹ́ nǹkan bíi 20.9 nínú 100, òfin ààbò iṣẹ́ ti Amẹ́ríkà sì sọ pé tó bá ti wálẹ̀ ju 19.5 lọ, ọ́kísíjìn ibẹ̀ ò tó mọ́. Ẹ wo bí àyè tó wà láàárín méjèèjì ṣe kéré tó. Lítà kan ṣoṣo náítrójìn olómi, tó bá di gáàsì, á tó nǹkan bíi 700 lítà.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2021, nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹran adìẹ nílùú Gainesville, ní ìpínlẹ̀ Georgia l'Amẹ́ríkà, náítrójìn olómi kún inú fírísà kan àkúnya, ó sì tú sínú yàrá. Àwọn tó wọlé lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣubú. Àwọn míì sáré wọlé lọ gbé wọn, àwọn kan nínú wọn náà ṣubú. Èèyàn mẹ́fà ló kú. CSB, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí jàǹbá kẹ́míkà níbẹ̀, rí i pé páìpù kékeré tí wọ́n fi ń mọ ibi tí náítrójìn ga dé nínú fírísà yẹn ti tẹ̀, kò sí áláàmù kankan nínú yàrá tó máa sọ pé ọ́kísíjìn ti ń tán, àti pé ilé-iṣẹ́ náà ò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lóhun tí wọ́n máa ṣe tí náítrójìn bá tú.

Ṣé òfin ò sí ni? Òfin wà! Látọdún 1983 ni òfin ti wà l'Amẹ́ríkà pé kí ilé-iṣẹ́ sọ fún òṣìṣẹ́ nípa ewu kẹ́míkà tó wà níbi iṣẹ́ ẹ̀, kó sì kọ́ ọ bó ṣe máa dáàbò bo ara ẹ̀. Àwọn tó sáré wọlé yẹn, ìfẹ́ ẹnì kejì wọn ló gbé wọn wọlé, àwọn gan-an ló yẹ kí òfin kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n mọ̀ pé téèyàn bá ti ṣubú nínú yàrá náítrójìn, ẹni tí ò gbé atẹ́gùn tiẹ̀ sẹ́yìn ò gbọ́dọ̀ wọlé tọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta sọ́fíwia tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ nígbàkígbà tí òfin bá yí, mo rí yín níwájú níbẹ̀ yẹn, ẹ kú iṣẹ́, ó wúlò. Àmọ́ ẹ yéé sọ fáwọn èèyàn pé tí wọ́n bá ti ń gba ímeèlì, wọ́n ti ń bá òfin rìn. Irọ́ ni. Ta ló ń gba ímeèlì yẹn? Ẹni tí kì í dé ibi tí fírísà wà láàárín oṣù kan. (Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta sọ́fíwia dìde láti fèsì, mo ní kó jọ̀ọ́ dúró di ìparí.)

Ó dáa. Báwo làwọn òfin yìí ṣe ń rìn? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n kàn ń já luni lójijì, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní àsìkò. Ìwé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí kíkó ẹrù eléwu, ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń tún un ṣe. GHS, ètò àgbáyé fún lébẹ̀lì kẹ́míkà, jáde lọ́dún 2003, ọdún méjì-méjì lòun náà. ADR, òfin ojú ọ̀nà tí Yúróòpù ń lò, oṣù kìíní ọdún bíi 2023, 2025, ló ń yí, wọ́n á sì fún yín lóṣù mẹ́fà láti fi palẹ̀ mọ́. Tọkọ̀ òfuurufú tí IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé, ń tẹ̀, ọdọọdún. Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀ pé òfin máa yí, kò wo kàlẹ́ńdà ni.

Ibi tó ti ń lọ́jú pọ̀ ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń mú ẹ̀dà tó wù ú nígbà tó bá wù ú. Oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀dà kẹta GHS bọ́ sí ẹ̀dà keje, nígbà tí ẹ̀dà kẹwàá ti jáde lọ́dún 2023. Gáàsì kan náà lè wá látibi méjì kí lébẹ̀lì ẹ̀ má bára mu, kí méjèèjì sì bá òfin mu níbi tí wọ́n ti wá. Fún òfin kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti ọjọ́ tí sùúrù ìjọba máa tán. Ọjọ́ kẹta yẹn ni wọ́n fi ń fowó ìtanràn sọ́rùn èèyàn.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń mú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá jù lọ ni òfin tí ò yí rárá, tó jẹ́ pé àwọn ló yí. Òfin Seveso ní Yúróòpù, wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní Ítálì tí jàǹbá kẹ́míkà ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1976 sọ ọ́, òun ló sọ pé tí háídrójìn tó wà níbì kan bá ti tó tọ́ọ̀nù 5, ẹ ti bọ́ sábẹ́ òfin yẹn, tó bá tó 50 iṣẹ́ tó máa já lé yín lórí á tún pọ̀ sí i. Bákan náà ni asẹ́tílìn, gáàsì táwọn wẹ́dà ń lò. Ti ọ́kísíjìn jẹ́ 200 àti 2,000, ti kílórínì jẹ́ 10 àti 25. Ẹnì kan lọ ra táńkì kejì torí pé oníbàárà ń pọ̀, inú ẹ̀ ń dùn, kò mọ̀ pé òun ti ré ààlà kọjá. Ta ló ra táńkì? Àwọn tó ń ra ọjà fún ilé-iṣẹ́. Ta ló ń ka òfin? Ẹlòmíì tó wà lókè. Ẹni tó ń ṣí fáàfù táńkì yẹn ńkọ́? Òun nìkan ló mọ̀ pé táńkì ti di méjì, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Ẹ jẹ́ ká lọ wo sílíńdà fúnra ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo èjìká ẹ̀ dáadáa. Oṣù àti ọdún tí wọ́n dán an wò kẹ́yìn wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ni, ọ̀dà ti bo òmíràn débi pé ẹ máa fọwọ́ pa á kẹ́ ẹ tó lè kà á. Ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń fi sí ìdánwò míì, ó dá lórí gáàsì àti orílẹ̀-èdè. Tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, kò yẹ kẹ́nikẹ́ni tún rọ gáàsì sínú ẹ̀. Ẹ wá wo àwọ̀ ẹ̀. Ìlànà Yúróòpù, EN 1089-3, fi èjìká funfun sí ọ́kísíjìn, ó fi dúdú sí náítrójìn. Sílíńdà ọ́kísíjìn ilé-iṣẹ́ láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Dúdú ni gbogbo ara ẹ̀! L'Amẹ́ríkà, àwọ̀ ewé ni wọ́n sábà máa ń kùn ọ́kísíjìn. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ dá gáàsì mọ̀, ẹ̀mí ló fi ń ṣeré. Lébẹ̀lì ni kẹ́ ẹ kà, sílíńdà tí ò bá sì ní lébẹ̀lì, ẹ dá a padà bẹ́ ẹ ṣe gbà á.

Wọ́n ti ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé àsìkò ń lọ. Kíá-kíá lórí gáàsì fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù: àdéhùn Montreal ti 1987 lé àwọn gáàsì tó ń ba ozone jẹ́ jáde, ìyẹn ìbòrí tó wà lókè tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn, R-22 wà lára wọn, àtúnṣe Kigali ti 2016 sí àdéhùn yẹn wá kọjú sí àwọn gáàsì HFC tó rọ́pò wọn torí pé ó ń mú ayé gbóná, ó fẹ́ kí lílò ẹ̀ dín kù ju 80 nínú 100 lọ títí di àárín ọ̀rúndún yìí. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 2024. Yúróòpù ní òun fẹ́ dé òdo lọ́dún 2050. Gáàsì SF6 tó wà nínú ẹ̀rọ iná mànàmáná, kílò kan ẹ̀ ń mú ayé gbóná ju kílò 23,000 kábọ́nù-dáíọ́ksáìdì lọ, látọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026 ni Yúróòpù sì ní kí wọ́n má fi sínú ẹ̀rọ tuntun tí agbára iná ẹ̀ ò ju 24 kV (fóòtì 24,000) lọ mọ́. Mo fẹ́ sọ ti...

Ibẹ̀ ni ìyá kan ti nawọ́ láàárín. Ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ̀ ń sọ, tàwọn ńlá ni. Àwa, wẹ́dà ni wá, sílíńdà mẹ́rin péré la ní, a ò ní lọ́yà, a ò ní ẹni tó ń ka òfin. Kí la fẹ́ ṣe?”

Ẹ ṣeun, mà. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, torí ìbéèrè yìí ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Mà, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣí fáàfù, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń sanwó, kò sí ọ́fíìsì kankan láàárín yín àti òfin, tiyín ti rọrùn ju tàwọn ńlá lọ. Ẹ gba ìwé ààbò kẹ́míkà, SDS, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta gáàsì fún yín. Orí 16 ló ní. Ìkejì sọ ewu ẹ̀, ìkeje sọ bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀, ìkẹẹ̀ẹ́dógún sọ òfin tó dè é. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe, ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Ní Yúróòpù, òfin kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní REACH sọ pé tí nǹkan pàtàkì bá yí nínú ìwé yẹn, ẹni tó ta ọjà gbọ́dọ̀ fi tuntun ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí gbogbo ẹni tó tà á fún láàárín oṣù méjìlá sẹ́yìn. Kódà níbi tí òfin yẹn ò dé, ẹ béèrè.

Ẹ wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà yín. Ọ́kísíjìn àti asẹ́tílìn tẹ́ ẹ tò pa mọ́, ṣé wọ́n jìnnà síra? Amẹ́ríkà ní kó tó ẹsẹ̀ bàtà 20, tàbí kẹ́ ẹ fi ògiri tí ò lè jó, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5, dá wọn sí méjì. Asẹ́tílìn tẹ́ ẹ̀ ń lò, ṣé kì í kọjá 15 psi, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń tì jáde, lórí géèjì? Tó bá ju ìyẹn lọ ó lè bú gbàmù fúnra ẹ̀, láìsí ọ́kísíjìn rárá. Ṣé òróró tàbí gírísì wà lára fáàfù ọ́kísíjìn? Kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ o. Ẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sọ ọ́ padà fún yín lẹ́nu ara ẹ̀.

Alàgbà kan tún bi mí pé tí òfin ọ́fíìsì ìjọba méjì bá takora ńkọ́. Ẹ tẹ̀ lé èyí tó le jù, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí méjèèjì, kẹ́ ẹ tọ́jú èsì. Èsì orí fóònù ò tó o, ẹ jẹ́ kó wà lórí ìwé.

Àwọn tó ń lo amóníà, mi ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ mú àwọn tó ń ṣí fáàfù dání tí wọ́n bá bá yín wá.